Ìdáhùn: “Ibùgbé” nìkan ò lè gbé ọ̀rọ̀ ẹja sámọ́nì

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé kékeré kan fún àwọn Yorùbá tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ Àìkú. Ìwé náà dá lórí ohun tí ìlú Seattle ń ṣe kí ẹja sámọ́nì má bàa tán nínú odò wọn. Gbólóhùn náà nìyí: “Ìjọba ìbílẹ̀ ń dáàbò bo ibùgbé ẹja pupa lọ́wọ́ omi ìjì.” Ó ní ká bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan ti ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìbàdàn ní ká fi “sàkáání” rọ́pò “ibùgbé”. Èmi náà ní tèmi í sọ, torí Renton, ìlú kan nítòsí Seattle, ni mo ń gbé, odò Cedar tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gba àárín ìlú wa kọjá.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú “ẹja pupa” kúrò nílẹ̀. Lóòótọ́, ẹran ara rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ “ẹja pupa” lọ́jà Ẹ̀pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ á lọ sí Òkun Pàsífíìkì? A ti ń pe sàdín ní sàdín láti ọjọ́ yìí, kò sì bà wá lédè jẹ́. Sámọ́nì ni ká máa pè é.

“Ibùgbé” gan-an ló ká mi lára. Ibi tí ẹ̀dá fìdí kalẹ̀ sí, tó ń sùn, tó ń jí, là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹja àrọ̀ inú adágún ní ibùgbé. Ti sámọ́nì yàtọ̀. Láàárín òkúta wẹ́wẹ́, nísàlẹ̀ odò tútù, ló ti ń jáde nínú ẹyin. Tó bá yá, á bá odò Cedar ṣàn wọ adágún Washington, á gba ẹnubodè omi Ballard bọ́ sínú omi iyọ̀, á jẹun dàgbà lójú òkun fún ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni yóò fi òórùn omi mọ̀nà padà sí odò tí wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ni yóò yé sí, ibẹ̀ náà ni yóò kú sí. Bí a bá ń ṣọ́ “ibùgbé” irú ẹja yìí tọ̀sán-tòru, tí a wá dínà mọ́ ọn, kí la ṣọ́?

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1901 ni wọ́n sé odò Cedar ní Landsburg kí Seattle lè máa rí omi mu. Igbó òkè odò náà, tó lé ní 90,000 ékà, ti ìlú ni lónìí. Wọn kì í jẹ́ kí èrò kàn ṣáà máa wọ ibẹ̀, omi rẹ̀ sì mọ́ lóló. Ibùgbé tó dáa jù lọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, sámọ́nì kan ò débẹ̀. Ọdún 2003 ni wọ́n ṣí àtẹ̀gùn ẹja níbẹ̀, tí chinook àti coho, oríṣi sámọ́nì méjì, fi tún rí òkè odò náà gùn. Sockeye, oríṣi mìíràn, nìkan ni wọ́n ṣì ń dá padà. Ó máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ lọ́dún tó bá ya, wọn kì í sì fi asẹ́ sẹ́ omi Cedar kó tó dé ẹ̀rọ inú ilé; tí òkú ẹja bá wá pọ̀ jù lókè, omi mímu lè bàjẹ́. Ìlú tó ń mu odò kan náà tí ẹja ń yé sí ni ìlú yìí, mi ò sì rò pé a lè sọ iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ ìyẹn.

Torí náà mo fara mọ́ “sàkáání” ẹ̀gbọ́n wa. Ó gba ibi tí nǹkan wà, ó sì gba gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dé. Ṣùgbọ́n “àkàsọ̀ ẹja” tí ẹnìkan dábàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Àkàsọ̀ là ń gbé ti ògiri. Ohun tó wà ní Landsburg àti ní Ballard, kòtò omi ni, ọ̀kan ga díẹ̀ ju èkejì lọ, omi ń kún ti òkè dànù sí ti ìsàlẹ̀, ẹja ń fò láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Àtẹ̀gùn nìyẹn. Kí àbúrò wa sáà rí i pé àmì ohùn pé lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa kà á sí atẹ́gùn tó ń fẹ́.

Fún ibi tó ń yé sí, mo dábàá “ibùyé”, bí a ṣe ní ibùsùn, ibùdó àti ibùsọ̀. Àwọn kan ní “ìtẹ́” ti tó. Lóṣù October tó kọjá, mo dúró lórí afárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé Renton, èyí tí wọ́n kọ́ sórí odò náà gan-an, mo ń wo abo sockeye kan. Ara rẹ̀ ti pọ́n, orí rẹ̀ rí bí àwọ̀ ewé. Ó yí ẹ̀gbẹ́ délẹ̀, ó ń fi ìrù gbá òkúta wẹ́wẹ́, paa, paa, paa, omi ń dàrú, kòtò ń jìn. Ó ti gbẹ́lẹ̀ títí ìrù rẹ̀ fi bó, tó funfun bí òwú. Ẹyẹ ń kó igi jọ ṣe ìtẹ́, ó sì ń sàba lé ẹyin rẹ̀. Èyí ń gbẹ́lẹ̀ ni, ó ń wa òkúta bo ẹyin, ó sì ń kú. Mi ò lè pe ìyẹn ní ìtẹ́.

“Ìjọba ìbílẹ̀” ńkọ́? Ẹni tó bá kà á nílé, káńsù ni yóò rò. Ohun tó tún wúwo jù ni pé àwọn onílẹ̀ gan-an wà nínú ìtàn yìí. Àwọn Muckleshoot àti àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn ti ń pẹja nínú omi wọ̀nyí kí Seattle tó di ìlú, ìdájọ́ tí Adájọ́ Boldt dá ní ilé ẹjọ́ lọ́dún 1974 sì fìdí ẹ̀tọ́ wọn múlẹ̀ sí ìdajì ẹja tó ṣeé pa. Àwọn àti ìpínlẹ̀ ló jọ ń ṣàkóso ẹja pípa. Omi, ilẹ̀ àti títì ló wà níkàáwọ́ ìlú. Ẹ jẹ́ ká fi “ìbílẹ̀” sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. “Ìlú” tó fún Seattle.

“Omi ìjì” ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí àbúrò wa pa rẹ́ kíákíá. A ní àgbàrá! Àwọn bàbá wa kúkú ti sọ ọ́ pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní í gbà fún un. Lọ́dún 2020 ni àwọn onímọ̀ kéde ohun tó ń pa coho nínú odò kéékèèké bíi Longfellow Creek ní Seattle: kẹ́míkà 6PPD-quinone, tó ń wá láti ara táyà ọkọ̀. Òjò á rọ̀, àgbàrá á gbá eruku táyà kúrò lójú títì wọ odò, abo coho tó ti rin ìrìn ọdún dé ẹnu ibùyé á máa la ẹnu, á máa ta gìrì lójú omi, á sì kú láàárín wákàtí díẹ̀ tòun ti ẹyin nínú. Bí àgbàrá náà bá kọ́kọ́ gba inú yanrìn àti ilẹ̀dú kọjá, ẹja kì í kú. “Dáàbò bò” ò bá èyí mu lójú mi, torí kò sí ọ̀tá tó ti ìta wá. Ọkọ̀ tèmi náà wà nínú ẹ̀. “Tọ́jú” ni mo fẹ́.

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí: “Ìlú Seattle ń tọ́jú sàkáání sámọ́nì: ó ń ṣí ọ̀nà fún un, ó sì ń sẹ́ àgbàrá títì kó tó dé ibùyé.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí mi ò rí. Ọmọ sámọ́nì tó ń múra àtiwọ òkun, tí ara rẹ̀ ń yí padà kó lè gba iyọ̀, kí la ó pè é? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà apẹja nílé, ní Ìlàjẹ tàbí Ẹ̀pẹ́, ẹ bá wa bi wọ́n bóyá wọ́n ní orúkọ fún ẹja kéékèèké tó ń ti odò bọ́ sí òkun.