Orí àwòrán mi di ìrù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ohun tó gba òru méjì lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ sọ.

Mo ń fi Python 3, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣe àwòrán PPM lórí Linux. Irú fáìlì yìí ní orí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán: P6 ní ìlà kìíní, 640 480 (fífẹ̀ àti gíga) ní ìkejì, 255 (iye àwọ̀ tó ga jù) ní ìkẹta. Báìtì àwọ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e, mẹ́ta fún pixel (ẹyọ tótó àwọ̀) kọ̀ọ̀kan. Mo fi print tẹ orí, mo fi sys.stdout.buffer.write da àwọ̀ sílẹ̀, mo sì fi àmì > darí gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì.

Àwòrán kọ̀, kò ṣí. Mo wo bí fáìlì ṣe tóbi tó: báìtì 921,615. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn, 921,600 fún àwọ̀, 15 fún orí. Ẹyọ kan ò sọnù! Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, torí ìṣirò àwọ̀ mi ni mo ti ń fura sí, mo sì ti tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá sì dán àwòrán kékeré wò lójú terminal (fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí), P6 ló ń kọ́kọ́ yọ.

Ìgbà tí mo fi xxd, irinṣẹ́ tó ń fi báìtì fáìlì hàn, wo ìsàlẹ̀ fáìlì ni mo bá P6 níbẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ló tò léra nínú sys.stdout, ẹnu ọ̀nà tí ètò ń gbà kó ohun tó kọ jáde. Ti òkè ń sọ lẹ́tà di báìtì, ó sì ní àpò (buffer) tirẹ̀, níbi tí ẹrù ti ń dúró kó tó kọjá. Ti àárín náà ní àpò. Ti ìsàlẹ̀ ló ń gbé ẹrù jáde. Lójú terminal, bí ìlà bá ti parí ni àpò òkè ń tú. Bó bá jẹ́ inú fáìlì ló ń lọ, ó ń dúró kí ẹrù pọ̀. Òkè ni print ń gbà wọlé, àárín ni buffer.write ń gbà. Báìtì 15 tèmi jókòó sókè, 921,600 gba àárín kọjá lọ, ìgbà tí ètò fẹ́ kógbá sílé ni orí tó jáde.

sys.stdout.flush(), àṣẹ tó ń tú àpò, láàárín àwọn méjèèjì ló yanjú rẹ̀. Ní báyìí, mo ń fi encode sọ orí di báìtì, kí gbogbo wọn lè gba ẹnu ọ̀nà kan náà.

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Windows ni tèmi, èdè C. Mo fi "w" (fún ọ̀rọ̀ lásán) ṣí fáìlì àwòrán PNG dípò "wb" (fún báìtì bó ṣe wà), ni gbogbo báìtì tí iye rẹ̀ jẹ́ 10 (àmì ìparí ìlà) nínú àwòrán bá ń gba 13 síwájú. Ẹ wò ó, 137 80 78 71 13 10 26 10 ló ń bẹ̀rẹ̀ PNG. Wọ́n dìídì fi 13 10 síbẹ̀ kí irú ìbàjẹ́ yìí lè tètè hàn ni. Mo rí 13 13 10 nínú tèmi, mo padà lọ wo ìlà fopen, níbi tí mo ti ṣí fáìlì.