Kọ́ọ̀sì operating system tí wọ́n ń fi Pintos kọ́: ẹ sọ ohun tí ẹ bá pàdé níbẹ̀

Olùdásílẹ̀ ọ̀rọ̀:

Ẹ kú ìjókòó o. Sáà tuntun ti dé tán, àwọn àbúrò wa sì ti ń forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì operating system tó ń lo Pintos, ìyẹn operating system kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbà á kọjá àti ẹ̀yin tí ẹ ń máàkì rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, òfin tó wà níbẹ̀, àti ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń yọ̀. Ohun tí èèyàn lè mú lò ni kí ẹ kọ.

Ẹni tó ń máàkì:

Ibi tí máàkì wà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ben Pfaff ló kọ Pintos ní Stanford ní 2004, àwọn yunifásítì mìíràn bíi Berkeley àti KAIST sì mú un lò lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: thread (ọ̀wọ́ ìlà kóòdù kan tí processor ń ṣe, tó sì lè dá dúró kí òmíràn wọlé), user program, virtual memory àti file system. Ìwé tó bá a wá láti Stanford sọ ọ́ kedere pé 50% máàkì jẹ́ ti test, 50% tó kù sì jẹ́ ti design. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lè pín in lọ́nà tiwọn, ẹ ka ìwé kọ́ọ̀sì tiyín.

Design yìí ni ọ̀pọ̀ ń fojú tín-ín-rín. Bí make check, àṣẹ tó ń ṣe gbogbo test, bá ti sọ pé test 27 tó wà ní iṣẹ́ kìíní yege, wọ́n á gbà pé ó parí nìyẹn, wọ́n á wá fi wákàtí kan tó kù kọ DESIGNDOC, ìwé tí ẹ ti ń ṣàlàyé design yín. Test tó yege kò fi hàn pé kóòdù tọ́. Bí ẹ kò bá yí i padà, timer Pintos ń já lu iṣẹ́ ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àìmọye ìlà kóòdù ni processor sì ń ṣe láàárín ìgbà kan sí èkejì. Bí àṣìṣe yín bá wà láàárín ìlà méjì péré, interrupt, ìyẹn ìjálù timer yìí, lè má bọ́ síbẹ̀ rárá ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń dán an wò, kó wá bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń máàkì.

Ìdí nìyẹn tí DESIGNDOC fi ń béèrè pé: bí thread púpọ̀ bá pe timer_sleep (function tó ń mú thread sùn fún àkókò kan) lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Bí interrupt bá wọlé nígbà tí timer_sleep ṣì ń lọ lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ ka àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn kí ẹ tó tẹ ìlà kóòdù kan. Fún struct (àkójọ dátà) kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dá sílẹ̀ tàbí tí ẹ yí padà, wọ́n fẹ́ kí ẹ sọ ohun tó wà fún láàárín ọ̀rọ̀ 25. Bí ọ̀rọ̀ 25 kò bá gbà á, struct náà ni kí ẹ tún wò, ẹ má wulẹ̀ gé gbólóhùn kúrú.

Bí Bochs, ètò tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà tí Pintos ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ni ẹ ń lò, ẹ fi -j àti nọ́ḿbà kan sí àṣẹ yín, báyìí: pintos -j 5 -- run alarm-multiple. Á mú kí timer máa wọlé ní àkókò tí kò bára dọ́gba, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà kan náà á máa mú àbájáde kan náà wá, kí ẹ lè rí àṣìṣe náà mú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbìyànjú oríṣiríṣi nọ́ḿbà.

Ẹni tó ti gbà á kọjá:

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Kí n fi kún un ní ti iṣẹ́ kìíní. Kò pọ̀ ní ìlà: ojútùú tí Stanford fi ṣe àpẹẹrẹ fi ìlà 440 kún fáìlì márùn-ún, ó sì yọ 29 kúrò. Bí tiyín bá ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún ìlà, ẹ dúró kí ẹ tún un rò.

Timer_sleep tí ẹ bá níbẹ̀ ń yí káàkiri, ó ń wo aago, ó ń pe thread_yield. Ẹ fi àkókò tí thread yóò jí sínú struct rẹ̀, ẹ tò ó sínú list, kí ẹ sì fi thread_block mú un sùn. Lock, tó ń jẹ́ kí thread kan ṣoṣo wọ ibì kan lẹ́ẹ̀kan, kò ṣeé fi dáàbò bo list náà, torí timer interrupt ni yóò máa jí àwọn tó wà níbẹ̀, interrupt kò sì lè sùn dúró de lock. Ẹ pa interrupt fún ìlà díẹ̀ tó kan list náà àti thread_block, kí ẹ sì dá a padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀. Ibòmíràn tí kò kan interrupt, lock tàbí semaphore (òǹkà tí thread ń dúró dè) ni kí ẹ lò. Ẹni tó bá pa interrupt káàkiri, máàkì design rẹ̀ á lọ.

Priority donation (thread tó ga ń yá ẹni tó di lock tí òun ń dúró dè mú ní priority tirẹ̀) ló ń jẹ àkókò jù. Àṣìṣe àkọ́kọ́: akẹ́kọ̀ọ́ á tọ́jú priority àtijọ́ kan ṣoṣo, á sì dá a padà ní lock_release. Thread tó di lock méjì mú, tí ẹlòmíràn ń dúró de ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, á wá já wálẹ̀ pátápátá nígbà tó bá tú ọ̀kan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣì ń dúró de èkejì. Priority-donate-multiple á ṣubú. Ṣe ni kí ẹ tún un ṣírò: èyí tó ga jù nínú priority tirẹ̀ gan-an àti ti gbogbo ẹni tó ń dúró de lock tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣìṣe kejì: wọ́n á to waiters ti semaphore ní ìgbà tí thread ń wọlé, wọ́n á sì máa mú ti iwájú ní sema_up. Priority lè yí padà nígbà tí thread ṣì ń sùn níbẹ̀, torí náà ní sema_up gan-an ni kí ẹ ti wá ẹni tó ga jù. Ẹ fi kún value kí ẹ tó yield o. Bí ẹ bá yield ṣáájú, ẹni tí ẹ jí á rí 0, á sì padà sùn.

Bí ẹ bá rí i tí thread_current ń pariwo nípa is_thread, ẹ wo array inú function yín kí ẹ tó fura sí scheduler, ètò tó ń yan thread tó kàn. Struct thread àti stack rẹ̀ (ibi tí function ń tọ́jú dátà rẹ̀) jọ wà nínú page kan tó jẹ́ 4 kB. Array ńlá á mú kí stack ṣàn wọ inú struct, á sì ba magic, nọ́ḿbà tí is_thread ń yẹ̀ wò, jẹ́. Palloc_get_page ni kí ẹ fi gba ààyè bẹ́ẹ̀.

Fún mlfqs, scheduler tó ń ṣírò priority fúnra rẹ̀, float (nọ́ḿbà onídẹ́símà) kò sí nínú kernel. Fixed-point 17.14 ni, ìyẹn 1 di 16384. Ẹ lo int64_t nígbà ìsọdipúpọ̀, kí ẹ sì ṣírò ohun tó ń sọ recent_cpu (àkókò processor tí thread lò láìpẹ́) di púpọ̀ ní àkọ́kọ́. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi load_avg (ìpíndọ́gba iye thread tó ṣetán láti ṣiṣẹ́) sọ recent_cpu di púpọ̀, nọ́ḿbà á kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bí iṣẹ́ kìíní kò bá pé, ṣé ìkejì á ṣòfò nìyẹn? Ṣé a sì lè wo ojútùú tó wà lórí GitHub láti fi yé wa?

Ẹni tó ń máàkì:

Rárá, ìkejì kò ní ṣòfò. Iṣẹ́ kejì kò nílò kóòdù iṣẹ́ kìíní, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ìkẹta ló dúró lórí ìkejì, ìkẹrin sì lè dúró lórí ìkejì tàbí ìkẹta. Torí náà ìkejì ni kò gbọdọ̀ ní ihò.

Ẹ ṣe process_wait, function tó ń dúró de process kí ó parí, ṣáájú gbogbo nǹkan níbẹ̀. Bí ó ṣe wà, ó ń dá -1 padà lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á sì kú kí program tó sọ ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ á máa wá àṣìṣe kiri nínú exec, àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ program. Fún argument, ẹ fi hex_dump wo stack lábẹ́ PHYS_BASE, 0xc0000000: ọ̀rọ̀ argument fúnra wọn ló wà lókè, lẹ́yìn náà àlàfo tó mú un dọ́gba sí 4, null, àwọn pointer, argv, argc, àti àdírẹ́sì ìpadà tí kì í ṣe òótọ́. Bí ẹ bá ń yẹ pointer wò, báìtì àkọ́kọ́ nìkan kò tó. Nọ́ḿbà báìtì 4 lè bẹ̀rẹ̀ ní ìparí page tó wà, kó sì parí sí èyí tí kò sí. Ohun tí test sc-boundary-3 ń dán wò nìyẹn. Exec náà gbọdọ̀ dúró títí yóò fi mọ̀ bóyá load yege, semaphore kan sì tó fún un. Bí ẹ bá ń pa process nítorí pointer burúkú, kó kọ́kọ́ tú lock file system tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ètò á dì pa.

Ti GitHub: ẹ má ṣe é. Ẹ lè jíròrò èrò pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn, kí ẹ sì kọ ọ́ síbi ìdúpẹ́ nínú DESIGNDOC, ṣùgbọ́n ẹ má wo kóòdù wọn, ẹ má sì fi tiyín síbi tí gbogbo ayé lè rí i, kódà lẹ́yìn tí sáà bá parí. Moss, ètò tó ń wá kóòdù tó jọra, tí Alex Aiken ṣe ní 1994, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Yíyí orúkọ variable padà àti fífi àlàfo kún un kò tàn án. Èyí tó tún burú jù ni pé ẹni tó bá da kóòdù kọ kì í rí ìdáhùn sí ìbéèrè race (ìgbà tí thread méjì bá ń du dátà kan náà) tó wà nínú thread_set_priority, torí ìpinnu tó mú kóòdù náà rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹni tó ti gbà á kọjá:

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ló kù. Ẹ má pín iṣẹ́ kí oníkálùkù lọ jókòó sí yàrá rẹ̀, kí ẹ wá da kóòdù pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìfisílẹ̀. Ìwé Pintos fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa rẹ̀: àwọn apá méjì tí wọ́n dá yege lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sábà máa ń kọlu ara wọn nígbà tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, àkókò kò sì ní sí mọ́ láti tún un ṣe. Ẹ máa push sí git lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi make check ṣe ẹnubodè fún merge kọ̀ọ̀kan. Àyè tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fún yín láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ́, ẹ pa á mọ́ de iṣẹ́ kẹta. Ẹ má ná an sórí alarm clock, ìyẹn timer_sleep ti iṣẹ́ kìíní.