Fọ́tò mi ò jọ mí rárá, ọdíṣọ̀n adívẹ́ẹ̀tì sì ń bọ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá torí Fúráídè ni wọ́n ní kí n fi nǹkan ránṣẹ́. Ẹni ọdún 38 ni mí, mi ò ṣe mọ́dẹ́lì rí láyé mi. Ọkùnrin kan tó máa ń bá àwọn oníadívẹ́ẹ̀tì wá èèyàn ló rí mi níbi tí mo ti lọ mú ọmọ nílé ìwé, ó ní wọ́n ń wá ìyá tójú ẹ̀ jọ tìyá, pé kí n fi fọ́tò mẹ́rin àti fídíò kékeré kan ránṣẹ́, kí n dárúkọ ara mi, kí n sọ bí mo ṣe ga tó, kí n wá ka ìlà méjì tí wọ́n kọ fún mi lórí ọṣẹ ìfọṣọ.

Wàhálà mi rèé. Tí mo bá wo dígí, ara mi ni mò ń rí, inú mi á dùn. Tí mo bá ti ya fọ́tò báyìí, ẹlòmíì ni mò ń rí níbẹ̀. Imú á fẹ̀, ojú kan á kéré ju èkejì lọ, iwájú orí á máa dán yanran, abẹ́ ojú á dúdú. Lánàá nìkan mo ya bí ọgọ́rin, mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún. Mo tún ní èjí níwájú, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ dí i, pé eyín tó tò bí ọmọ àgbàdo ni wọ́n ń fẹ́. Ẹlòmíì ní kí n lo fílítà, kí n tún wá ìpara tó máa jẹ́ kí n mọ́ díẹ̀ kó tó di Fúráídè. Orí mi ti dàrú. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé kí n fi í lẹ̀ ni?

Bọ̀dá Oníkámẹ́rà

Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, ojú yín ò ní nǹkan kan. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe jẹun, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí náà ni gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú mi ń sọ. Ojú tẹ́ ẹ ń rí nínú dígí, ọ̀tún ẹ̀ ti di òsì. Òun lẹ ti ń wò láti kékeré, òun ló ti mọ́ yín lára. Ojú ẹnikẹ́ni ò sì dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, torí náà tí kámẹ́rà bá fi yín hàn bí aráyé ṣe ń rí yín, á ṣàjèjì sí yín. Àwọn onímọ̀ kan dán èyí wò ní 1977, wọ́n tẹ fọ́tò àwọn obìnrin kan lọ́nà méjì, ọ̀kan bó ṣe rí, èkejì bíi ti inú dígí. Ti dígí ló wu ọ̀pọ̀ àwọn tó lojú jù, ti gidi ló wu àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ẹ wá wò ó, àwọn ọgọ́rin tẹ́ ẹ pa rẹ́ yẹn, ó lè jẹ́ ojú tó wà níbẹ̀ ni àwọn ọmọ yín ń rí tí wọ́n fi ń sáré pàdé yín.

Ti imú yẹn, bẹ́ ẹ ṣe sún mọ́ fóònù ló fà á. Ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà jù ló máa ń tóbi jù, imú ló sì yọ síwájú jù lójú èèyàn. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà ṣírò ẹ̀ ní 2018, wọ́n ní tí kámẹ́rà bá wà ní nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà sójú, imú á rí bíi pé ó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju ìgbà tó bá wà ní mítà kan àbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé sẹ́lífì ló ń yí imú yín padà o.

Nítorí náà ẹ má ya ara yín mọ́. Ẹ gbé fóònù fún ẹlòmíì tàbí kẹ́ ẹ gbé e sórí àpótí, kẹ́ ẹ dá aago sí i, kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ lò, kó jìnnà tó mítà méjì, kó sì bá ojú yín dọ́gba, kó má wò yín látòkè tàbí látìsàlẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu lẹ́ǹsì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, á yà yín lẹ́nu bí ọ̀rá ìka ṣe máa ń ba fọ́tò jẹ́. Iná ló wá ṣe pàtàkì jù. Gílóòbù òkè ló ń fa abẹ́ ojú tó dúdú yẹn, ẹ pa á. Ẹ kọjú sí fèrèsé lọ́sàn-án, kì í ṣe ibi tí oòrùn ti ń ta síni lójú, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti rọ̀ ni, kẹ́ ẹ wá yí díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan mú aṣọ funfun tàbí páálí funfun dání nísàlẹ̀ àyà yín, ìmọ́lẹ̀ á ta padà sábẹ́ ojú, òkùnkùn yẹn á rọ. Tí ara yín bá dúdú bíi tèmi, tẹ́ ẹ sì dúró síwájú ògiri funfun, ògiri yẹn ni fóònù máa wò, á wá mú ojú yín ṣókùnkùn. Ẹ fi ìka tẹ ojú yín lórí fóònù kó lè mọ̀ pé ojú lẹ fẹ́ kó wò. Ọjọ́ pẹ́ tírú ẹ̀ ti ń ṣe wá, láyé ìgbà fíìmù, fọ́tò obìnrin òyìnbó ni Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, fi ń ránṣẹ́ sáwọn ilé ìfọ̀fọ́tò kí wọ́n fi ṣòdiwọ̀n àwọ̀. Nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, ta ló máa sọ pé àwọ̀ wa ló lẹ́bi?

Ọmọ Tuntun22

Àǹtí, ẹ lo fílítà díẹ̀ jàre, gbogbo èèyàn ló ń lò ó, ẹni tí ò bá lò ó ló máa dà bí aláìsàn láàárín àwọn tó kù.

Màmá Àgbà

Ìwọ Ọmọ Tuntun, má ṣi ìyá ọlọ́mọ lọ́nà. Ẹni ọdún 61 ni mí, mo ti jẹ́ ìyá ìyàwó, ìyá oníṣòwò àti aláìsàn tó gbádùn nínú adívẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún yín. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò mi ṣe, wọ́n nu gbogbo ìlà ojú mi, wọ́n mú àgbọ̀n mi tín-ín-rín. Wọ́n pè mí lóòótọ́. Mo wọlé, obìnrin tó jókòó síbẹ̀ wo fọ́tò, ó wò mí, ó ní ṣé àbúrò mi ló yẹ kó wá ni. Kò bú mi o, ó kàn ṣàlàyé pé ẹni tó wà nínú fọ́tò ni àwọn ti ṣètò fún, àwọn ò sì lè lo ẹni tó dé. Mo ná owó ọkọ̀ lọ ná ti àbọ̀, mo padà sílé. Látìgbà yẹn, bí mo ṣe rí láàárọ̀ ni mò ń yà.

Àbúrò mi, ṣé o gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ? Ìyá tójú ẹ̀ jọ tìyá. Wọn ò wá arẹwà tí ò ní àbààwọ́n, ẹni tí obìnrin máa rí lórí tẹlifíṣọ̀n táá sọ pé aládùúgbò mi rèé ni wọ́n ń wá. Èjí yẹn, má fọwọ́ kàn án! Lauren Hutton, mọ́dẹ́lì ará Amẹ́ríkà, èjí ló ní, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ wọ́n ní kó máa wá nǹkan dí i, ó ń fi nǹkan bí ìda dí i, nígbà tó yá ó fi í sílẹ̀, Revlon, ilé iṣẹ́ mẹ́kọ́ọ̀pù, sì gbà á síṣẹ́ ní 1973, wọ́n ní kò sí mọ́dẹ́lì tó gba irú owó yẹn rí. Èjí ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ títí dòní. Rẹ́rìn-ín kí wọ́n rí i.

Onímẹ́kọ́ọ̀pù

Ẹ ẹ̀ ní bínú, ọ̀rọ̀ ìpara tó ń múni mọ́ yẹn ló gbé mi dìde. Ẹ má dán an wò! Kò sí ìpara tó lè mú èèyàn mọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí kò ní bó o. Òmíràn nínú wọn ní mẹ́kúrì nínú, mẹ́kúrì máa ń ba kíndìnrín jẹ́, àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ àdéhùn kan lórí ẹ̀ ní 2013 tó ka irú ìpara bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n máa fòfin dè. Yàtọ̀ síyẹn, mo ti kun ojú ọ̀pọ̀ èèyàn tó bóra, kámẹ́rà kì í bò ó, ojú á pupa, oríkèé ìka á dúdú, etí á yàtọ̀ sí ọrùn. Ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ polówó, ọwọ́ yín ni wọ́n máa wò! Torí náà ẹ gé èékánná kó dọ́gba, ẹ fi òróró pa ọwọ́ lálẹ́, ẹ yọ àwọ̀ èékánná tó ti bó.

Tójú, ohun tẹ́ ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa lò. Ìpara tuntun, fífá irun ojú, fífún irorẹ́, gbogbo ẹ̀ di ẹ̀yìn Fúráídè. Ẹ sùn dáadáa lálẹ́ Ọjọ́rú, kẹ́ ẹ dín iyọ̀ kù torí ó máa ń jẹ́ kójú wú láàárọ̀, tó bá sì wú náà, omi tútù. Tí wọ́n bá ní fọ́tò láìsí mẹ́kọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ má kun nǹkan kan, wọ́n mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ ti fídíò, ẹ fi tíṣù tẹ iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ imú, ẹ má nù ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ ni, dídán yẹn á lọ. Páúdà kékeré tó bá àwọ̀ yín mu, ó tó. Ẹ ṣọ́ra fún páúdà funfun tí wọ́n ní kì í hàn àti ìpara oòrùn kan tó máa ń funfun, tí fíláàṣì bá ti bà wọ́n báyìí, ojú á funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i lójú. Ẹ pa fíláàṣì.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín, ọkàn mi ti ń balẹ̀. Màmá Àgbà, ẹ ṣeun lórí ọ̀rọ̀ èjí yẹn mà, ìyá mi ni mo ti jogún ẹ̀, kò tiẹ̀ wù mí kí n dí i. Aṣọ wo ni kí n wá wọ̀ o, báwo ni kí n ṣe fídíò yẹn? Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò sọ. Ọkùnrin yẹn ní kí n san owó fọ́ọ̀mù, pé òun ní onífọ́tò tí mo gbọ́dọ̀ lò kí wọ́n tó lè gba orúkọ mi wọlé. Mo ti fẹ́ yá owó náà.

Bàbá Onísùúrù

Ìyáàfin, ẹ dúró ná! Ẹ má san kọ́bọ̀. Mo ti bá ọmọ mi san irú owó yìí rí, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kó o sínú fáìlì dáradára, a ò tún gbóhùn wọn mọ́. Ẹni tó bá ń báni wáṣẹ́ ní tòótọ́, nígbà tẹ́ ẹ bá rí iṣẹ́ tí wọ́n sì sanwó ni yóò yọ tiẹ̀, ó lè jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè tó ogún. Kì í gbowó kó tó di pé iṣẹ́ dé, kì í sì fi dandan mú èèyàn lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò kan ṣoṣo. Ẹ bi í lórúkọ ilé iṣẹ́ tó rán an, ẹ fúnra yín lẹ máa wá nọ́ńbà wọn kiri, ẹ má lo èyí tó bá fún yín, kẹ́ ẹ pè wọ́n. Tó bá ní kẹ́ ẹ wá sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì, tàbí kẹ́ ẹ bọ́ra ya fọ́tò, ẹ sá. Ó dùn mí pé irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ń fi òótọ́ wá nǹkan ṣe.

Màmá Àgbà

Ọ̀rọ̀ Bàbá yẹn ni kó o tẹ̀lé, àbúrò. Ti aṣọ, wọ ohun tí ìyá máa ń wọ̀ nílé tó mọ́ tónítóní, àwọ̀ kan ṣoṣo, kó bá ara mu, kó má jẹ́ funfun báláú, kó má jẹ́ dúdú kirikiri, kó má ní àkọlé ilé iṣẹ́ kankan lára. Má wọ onílà wínníwínní, ó máa ń gbọ̀n lójú kámẹ́rà bí omi. Fídíò, gbé fóònù ní ìbú, láti àyà sókè, ògiri tí ò ní nǹkan kan lára, kó má sí fáànù tó ń pariwo. Wo kámẹ́rà tààrà nígbà tó o bá ń sọ orúkọ àti gíga rẹ, yí sọ́tùn-ún, yí sósì, nawọ́ síwájú kí wọ́n rí i níwájú lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, tí o bá fẹ́ ka ìlà rẹ, ronú sí aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ tí ẹrẹ̀ tà sí, sọ ọ́ fún ẹnì kan tó dúró nítòsí kámẹ́rà. Má kí wọn ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, má ṣàlàyé pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ nìyí. Yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mú èyí tó o ti gbàgbé kámẹ́rà.

Tójú rẹ bá máa ń dì níbi fọ́tò, pa ojú rẹ dé, mí sóde, kí wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó o wá là á. Na àgbọ̀n síwájú díẹ̀ bí ìjàpá tó yọrí, kó o wá fà á wálẹ̀ díẹ̀. Á ṣe ọ́ bíi pé ò ń ṣe òmùgọ̀, nínú fọ́tò ọrùn á gùn.

Ìyá Ọlọ́mọ Méjì

Mo padà dé o, òní ni Fúráídè. Mo pe ilé iṣẹ́ náà fúnra mi. Òótọ́ ni pé wọ́n ń wá ìyá, wọ́n ní kò sí owó fọ́ọ̀mù kankan, wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ tààrà sáwọn, wọ́n sì gba orúkọ ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ló yà mí, àbúrò ẹ̀ di páálí funfun mú, ọwọ́ ń ro ó, kò gbé e sílẹ̀. Níwájú fèrèsé ni, mo wọ búláòsì aláwọ̀ ewé tí mo máa ń wọ̀ lọ ìpàdé òbí. Mo ka ìlà yẹn sí ọmọ mi létí, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, èjí mi yọ gbangba. Ìyẹn ni mo fi ránṣẹ́. Mo wo àwọn fọ́tò náà lálẹ́ àná, mi ò pa ọ̀kankan rẹ́.

Bọ̀dá Oníkámẹ́rà

Ẹ kú iṣẹ́ mà! Tí wọ́n bá pè yín padà, aṣọ yẹn náà ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ, irun yẹn náà ni kẹ́ ẹ ṣe, torí ẹni tí wọ́n rí nínú fídíò ni wọ́n fẹ́ rí. Ẹ bá mi kí ọmọ tó di páálí mú.