Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí omi ẹ̀gẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Èmi àti ìyá mi la jọ ń ṣe gààrí ní Ẹ̀pẹ́. Bí a bá ti fi jáàkì fún ẹ̀gẹ́ rírìn, omi funfun bí omi ògì ló máa ń jò lábẹ́ àpò. Ó kan, ó ń rùn, sáyánáìdì, ìyẹn májèlé ara ẹ̀gẹ́, sì wà nínú rẹ̀. Koríko kì í hù mọ́ níbi tó ń ṣàn gbà. Ọ̀sà ò jìnnà sí wa, àwọn apẹja ló sì ń jẹun níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an.

Mo gbẹ́ kòtò, òjò kún un, ó ṣàn kúrò. Mo da eérú sí i, kíkan rẹ̀ dínkù, òórùn ò lọ.

Mo wá kà nípa titanium dioxide, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà funfun. Ọdún 1972 ni Fujishima àti Honda, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan, fi hàn pé ó lè fi agbára ìmọ́lẹ̀ pín omi sí hydrogen àti oxygen. Ó tún ń fọ́ ìdọ̀tí inú omi, títí kan sáyánáìdì, bí ìtànṣán ultraviolet inú oòrùn, èyí tí ojú kì í rí, bá bà á. Àmọ́ ìtànṣán ọ̀hún ò ju nǹkan bíi 5 nínú 100 agbára oòrùn lọ, omi wa sì rú ju kí ìtànṣán náà wọ̀ ọ́. Mo fi í sílẹ̀ mọ́jú kó silẹ̀, mo ki ìka bọ̀ ọ́, n kò rí èékánná mi.

Ìbéèrè mi kan ṣoṣo: kí ni mo lè fi mú omi yìí tòrò, tówó rẹ̀ ò ní gani lára, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ inú rẹ̀?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú. Mò ń retí yín.