"Àwo adákẹ́" kọ́: kí ni ká máa pe SSD?

Aba méjì ló wà nílẹ̀ fún ohun ìpamọ́ tí kì í pariwo nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ìyẹn SSD ("solid-state drive" lédè Òyìnbó): "àwo adákẹ́" àti "ìpamọ́ líle". Ẹ jọ̀wọ́, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ẹ̀rọ náà.

Bí a bá tú ìdérí háàdì tí gbogbo wa mọ̀, àwo tó ń dán bíi dígí la máa bá níbẹ̀, lórí mọ́tò kékeré tó ń yí i nígbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Apá tín-ínrín kan ń lọ, ó ń bọ̀ lórí rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń rìn lórí àwo orin, àfi pé ẹnu apá yìí kì í fara kan àwo. Bó ṣe rí nìyẹn láti 1956 tí ilé-iṣẹ́ IBM ti gbé kọ̀ǹpútà RAMAC jáde, tí háàdì rẹ̀ ní àwo 50. Ṣùgbọ́n SSD kò ní àwo kankan. Pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ ṣíìpù mọ́ ni, iná nìkan ló ń rìn nínú rẹ̀.

"Adákẹ́" ló ká mi lára jù. Bí ènìyàn bá gbé kọ̀ǹpútà lọ bá oníṣẹ́ ní Òpópó Táíwò ní Ìlọrin, tó ní "háàdì mi ti dákẹ́", ohun tí oníṣẹ́ máa gbọ́ ni pé ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ ọ́ fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, àti fún àgbàlagbà tó papò dà. Ẹ ò rí i pé a ti kéde ikú ọjà náà kí ẹni tó fẹ́ rà á tó ṣí páálí rẹ̀!

"Líle" ńkọ́? Wọ́n pe háàdì ní líle kí ó lè yàtọ̀ sí díìsìkì pẹlẹbẹ àtijọ́ tó ṣeé tẹ̀. Ti SSD yàtọ̀: ohun tí orúkọ Òyìnbó rẹ̀ ń sọ ni pé inú ohun tó dì ni iná ń gbà kọjá, kì í ṣe inú gílóòbù òfìfo bíi ti rédíò ayé àtijọ́. Bí a bá pe méjèèjì ní líle, báwo ni ọmọ iléèwé á ṣe mọ èyí tó yẹ kó rà?

Ìró gan-an ni èdè wa ti lọ́rọ̀. Háàdì tó ń yí ń kùn bí oyin. Bí apá rẹ̀ bá ń wá fáìlì, ó ń ṣe kẹrẹkẹrẹ. Bó bá wá ń ṣe kọ́, kọ́, kọ́, apá ti ṣìnà nìyẹn: ẹ má tún máa tàn án, ẹ pa á, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Kíkùn yẹn á tún pọ̀ sí i nítorí pé síkírúù dè é mọ́ àpótí onírin. Rọ́bà lábẹ́ síkírúù a máa dín in kù. SSD kì í kùn, kò ní ohun tó ń yí. Àwọn mìíràn lè máa súfèé tín-ín-rín bí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn, fáànù kọ̀ǹpútà ò sì ní torí rẹ̀ dákẹ́. Nítorí náà, ìwà ni àìpariwo jẹ́, kì í ṣe orúkọ.

Aba tèmi: "àká aláwo" fún háàdì, "àká oníṣíìpù" fún SSD. Ẹnì kan lè ní ọkà bàbà tí a bá kó kúrò nínú àká ti dín nìyẹn, fáìlì tí a dà kọ kì í sì í dín. Òótọ́ ni, àmọ́ ìpamọ́ ni orúkọ náà ń sọ. Ẹ jẹ́ ká fi "ìrántí" sílẹ̀ fún RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, tó ń gbàgbé gbogbo nǹkan bí iná bá lọ.

Orúkọ nìkan ò tó lọ́jà ṣá. M.2, ìyẹn SSD pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ ihò orí bọ́ọ̀dù, tó gùn ní mílímítà 80, tó fẹ̀ ní 22, lè jẹ́ SATA, ó lè jẹ́ NVMe: ọ̀nà méjì tí SSD ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí ihò orí bọ́ọ̀dù bá jẹ́ ti NVMe nìkan, SATA á wọ ibẹ̀ geere, kọ̀ǹpútà ò sì ní rí i. SATA kì í ju nǹkan bí 550MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. NVMe lè sáré ju ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn lọ. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò ní ihò M.2, SSD SATA oní-ínṣì 2.5 ni ká rà fún un, pẹ̀lú férémù tí a máa fi dè é sí àyè ínṣì 3.5. Síkírúù M3, tó nípọn ní mílímítà 3, ló gbà. Ti háàdì ńlá tóbi jù, á ba ẹnu ihò jẹ́.

Bí a bá wá ń kọ ọ́ síwèé fún ọmọ tí a rán lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á rí báyìí: "àká oníṣíìpù kan, SATA, ínṣì 2.5, 500GB, férémù kan, síkírúù M3 mẹ́rin."