Ìgẹ́dọ̀ kẹ̀? "Gé" yẹn gan-an ni mò ń bá jà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ ní ká máa pe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní "ìgẹ́dọ̀". Ìgẹ́dọ̀ wo nínú ẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n mú apá tí kókó wà kúrò kí ìyókù tún hù padà, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀ dànù kí wọ́n fi ti ẹlòmíì síbẹ̀. Tí wọ́n bá ní wọ́n gé ọwọ́ èèyàn, ṣé ó ṣẹ́ kù ni? Ẹ̀gbọ́n màmá mi, dókítà sọ fún wọn ní ọsibítù pé àwọn máa gé ẹ̀dọ̀ wọn, wọ́n dìde wọ́n wá bàtà wọn.

Alápatà ni bàbá bàbá mi. Wọ́n máa ń ní aláìmọṣẹ́ ló ń gé ẹran, àwọn kì í gé e, àwọn ń kun ún ni. Ohùn àárín o! Kì í ṣe kùn, kì í ṣe kún. Ẹni tó ń kun ẹran mọ ibi tí ọ̀bẹ ń gbà. Ohun tí dókítà sì ń ṣe nìyẹn: ọ̀nà mẹ́jọ ni Couinaud, dókítà ará Faransé kan, pín ẹ̀dọ̀ sí, ìkọ̀ọ̀kan ló ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀, ipasẹ̀ yẹn ni wọ́n ń tọ̀. Ìkun-ẹ̀dọ̀ lèmi máa pè é. Ẹ lè ní mo fi aláìsàn wé màlúù, àbí "gé" tiyín ló wá pọ́n wọn lé?

Àmọ́ tí hẹpatáítì B, àìsàn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, bá ti sọ ẹ̀dọ̀ náà di líle gan-an, kíkun lè má dáa, ìyókù lè má lè gbé ẹrù, òmíì ni wọ́n máa fi rọ́pò ẹ̀, ìyẹn tí kókó bá jẹ́ ẹyọ kan tí ò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí tí ò ju mẹ́ta lọ tí ìkankan ò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ìlànà tí àwọn dókítà gbé jáde ní Mílàn, ní Ítálì, ní 1996. Àbúrò wa ní London pe ìyẹn ní "ìgbìnẹ̀dọ̀", mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, pé iṣu ni? Mo wá rántí pé wọ́n ń bù lára ẹ̀dọ̀ alààyè fún aláìsàn, tí tàwọn méjèèjì á sì hù, bí ẹ̀bù gẹ́lẹ́. Mo ti fẹ́ẹ̀ gbà fún un.

"Ìpààrọ̀" tẹ́yin ń pe fífi ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì rọ́pò ni mi ò gbà. Pààrọ̀, kí lẹni tó fún un lẹ́dọ̀ gbà dípò? Ẹ má sì tún fi "mo ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá láti 1978" dá mi lóhùn, "òrónrò" tẹ́ ẹ kọ dípò "òróǹro" lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ò tíì ṣàlàyé ẹ̀.