Ta ló fẹnu kò lórí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ààrẹ àti adájọ́ Ṣàríà mẹ́ta?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ka ìwé òfin 1999. Abala 134 ní ẹni tó máa di ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù, kó sì ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Abala 237 ní adájọ́ mẹ́ta, ó kéré tán, ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn gbọ́dọ̀ mọ òfin Ìsìláàmù dunjú. Níbo ni wọ́n ti rí irú èyí? Kí ni wọ́n jà sí?

Olùkọ́ Ìtàn:
Inú òfin 1979 ni méjèèjì ti wá. Ní 1975, ìjọba Murtala Muhammed pe àádọ́ta èèyàn láti kọ àbá òfin. Awólọ́wọ̀ kọ̀, ó ku 49. Rótìmí Williams ló ṣe alága wọn. Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni ìjà Azikiwe tó jẹ́ ààrẹ àti Balewa tó jẹ́ olórí ìjọba lẹ́yìn ìbò 1964, nígbà tí ààrẹ lọ́ra láti ní kí olórí ìjọba kó ìjọba jọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó agbára sọ́wọ́ ààrẹ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wọ́n pé ẹ̀yà kan lè fi ìbò ilé rẹ̀ nìkan gbé ọmọ rẹ̀ wọlé. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọ́n fi dí ọ̀nà yẹn. Ibẹ̀ náà ni òfin pé kí mínísítà kan, ó kéré tán, wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti jáde.

Amòfin Àgbà:
Ti Ṣàríà le ju ìyẹn lọ. Títí di 1967, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo Àríwá, ní Kaduna. Nígbà tí wọ́n pín Àríwá sí ìpínlẹ̀, ta ni yóò wá gbọ́ ẹjọ́ tó bá ti kọjá ti ìpínlẹ̀? Ìgbìmọ̀ Williams dábàá kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà ti ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí àpéjọ aṣojú tó yẹ àbá òfin náà wò jókòó lábẹ́ Udo Udoma láti 1977, àwọn Kristẹni àti ọ̀pọ̀ ará Àárín Gbùngbùn Àríwá ta kò ó: wọ́n ní yóò di ẹ̀ka ìdájọ́ méjì ní orílẹ̀-èdè kan. Àwọn Mùsùlùmí ní ẹni tí kò mọ òfin ogún wọn kò lè dá ẹjọ́ ogún wọn. Ní oṣù kẹrin 1978, ọ̀pọ̀ aṣojú bínú jáde.

Ohun tí wọ́n fi yanjú rẹ̀ nìyí: ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ lè ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà tirẹ̀, ẹjọ́ ibẹ̀ á sì lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn gbogboogbò, níwájú adájọ́ mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n. Kó má baà jọ ojúsàájú, wọ́n fi mẹ́ta tó mọ òfin ìbílẹ̀ kún un. Ní tèmi, àdéhùn tó mọ́gbọ́n dání ni, torí kò dá kóòtù tuntun kankan sílẹ̀ lókè.

Mẹ̀sí Ọ̀gọ̀:
Àdéhùn ìbò yẹn ní ihò o. Ìpínlẹ̀ 19 la ní nígbà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12⅔. Ní ìbò ààrẹ 1979, Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12; ní Kano, ìbò rẹ̀ kò tó. Akínjídé, amòfin ẹgbẹ́ Shagari, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano nìkan ni kí wọ́n fi ṣe ìṣirò. Awólọ́wọ̀ pè é lẹ́jọ́, kóòtù tó ga jùlọ sì dá Shagari láre ní 26 oṣù kẹsàn-án 1979. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ kò gbà pẹ̀lú àwọn adájọ́ yòókù. Ká ní wọ́n kọ "13" sílẹ̀ ni, kò sí ẹjọ́. Ìpínlẹ̀ 36 là wá ní báyìí, 24 gérégé ni, ṣùgbọ́n ní 2023 àríyànjiyàn tún dìde lórí Àbújá, kóòtù sì ní kò ní àǹfààní tó ju ti ìpínlẹ̀ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni àpéjọ náà fọwọ́ sí?

Olùkọ́ Ìtàn:
Rárá. Àwọn ológun yí ibi 17 padà kí wọ́n tó gbé e jáde ní 1978. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni òfin ilẹ̀ 1978 tí wọ́n so mọ́ ọn. Wo abala 315(5) nínú òfin 1999: kí a tó lè fagi lé e, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àgbà àti ti kékeré gbọ́dọ̀ gbà, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 sì fọwọ́ sí i.